Ta Ni Yóò Bi Hẹ́dímásítà Léèrè?

Láti ọdún 2005 ni Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i pé kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní SBMC. Kwara wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ètò ESSPIN, tí ìjọba Britain ń náwó sí, ràn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2008 sí 2017. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ètò náà ní Òsì tàbí ní Ìlọ́fà, ní Kwara níbẹ̀, hẹ́dímásítà nìkan kọ́ ni yóò máa darí ilé-ìwé. Aṣojú ọba yóò jókòó níbẹ̀, àti òbí, olùkọ́, aṣojú àwọn obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, títí dé olórí àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Jíjókòó kò le. (Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ mọ àga ju owó lọ.) Èyí tó le ni pé kí ẹnìkan lanu: "Ọ̀gá, owó òrùlé tí wọ́n fún wa, èló ló kù?" Olùkọ́ kékeré ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbé òun lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ ilé-ìwé, a ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í wo àgbà lójú. Ẹni tó bá sì béèrè, wọn á ní kò ṣe bí ọmọlúàbí.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtẹríba wà nínú ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n òtítọ́ àti ìgboyà náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ṣì lè béèrè iye tó kù. Ọ̀gá gan-an ló yẹ kó gbé ìwé ìnáwó kalẹ̀ kí wọ́n tó bi í, kó má fi ọmọ abẹ́ rẹ̀ sínú ìdààmú yẹn. Àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń pín: igbákejì ni yóò máa lé ọmọ tó pẹ́ dé, àṣẹ á wà lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ìjọba náà kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kó ju iṣẹ́ rẹ̀ sọ́rùn ìgbìmọ̀. Ní November 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ní Kwara, ìjọba sì ti ilé-ìwé pa ní agbègbè náà. Ìyá aláta tó wà nínú ìgbìmọ̀ lè bá wọn wá ẹni tí yóò ro oko ilé-ìwé. Kò lè lé agbébọn. Owó odi àti ti ẹ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin ló yẹ ká ti béèrè rẹ̀, àwọn náà sì ní ìwé ìnáwó láti gbé kalẹ̀.