Ọkọ̀ Bàbá àti Owó Adójútòfò



Ó tó oṣù mẹ́ta sẹ́yìn báyìí tí ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìjọ yìí dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà sákrístì lẹ́yìn Mísà kejì. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i. Ó bẹ̀ mí pé kí n kà á, kí n sì sọ fún òun bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ọwọ́ sí i. Ó ti yọ̀ǹda kí n fi ọ̀ràn náà kọ́ ẹ̀yin yòókù, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí ará Èkó ń pè ní ìnṣọ́ránsì, ni ó kọ ìwé náà. Bàbá ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹni tí ó ti sùn nínú Olúwa, ra ọkọ̀ Volkswagen kan ní ọdún 1976, irú èyí tí a sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto. Ọdún kan péré ṣáájú, ní 1975, ni ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ náà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ yìí ni bàbá fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti sí Mísà. Òun ni ó fi gbé ìyá wọn dé ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ tí ó bí àbíkẹ́yìn. Nígbà tí bàbá kú, àkọ́bí gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì kan tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́ yà kúrò lójú Ọ̀nà Ìkòròdú, ní Jíbówú wa níhìn-ín tí bọ́ọ̀sì kì í tán lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì rún un mọ́ ògiri níbi tí ó dúró sí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà rán wá wò ó sọ pé owó àtúnṣe yóò ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ. Nítorí náà wọn kò ní tún un ṣe. Wọn yóò san iye kan, ọ̀gbẹ́ni yóò fi ọwọ́ sí ìwé, òkú ọkọ̀ yóò sì di tiwọn. Iye tí wọ́n dá kò lè ra ìdajì ọkọ̀ tòkunbọ̀ gidi kan. "Fàdá," ni ó wí fún mi, "ó rí lójú mi bí ẹni pé wọ́n ní kí n ta bàbá mi."

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ adójútòfò gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a ń fi han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà nìkan. Èyí tí òfin sọ di dandan, tí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni gòkè láti ₦5,000 sí ₦15,000 ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, kì í tún ọkọ̀ ẹni ṣe. Ìbàjẹ́ tí a bá ṣe fún ẹlòmíràn ni ó wà fún. Ọ̀gbẹ́ni yìí ń san ti ńlá, èyí tí ó bo ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú, mo sì yìn ín fún un. Ìlérí tí ó wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni pé a óò dá ẹni tí ó ṣòfò padà sí ipò tí ó wà kí òfò tó dé: kì í ṣe kí ó lówó jù ú lọ, kì í sì í ṣe kí ó tòṣì jù ú lọ. Ó jọ àjọ, kò sì jọ ọ́, nítorí nínú àjọ olúkúlùkù ń retí kí ó kan òun, ṣùgbọ́n nínú èyí gbogbo wa ni à ń gbàdúrà kí ó má kàn wá. Owó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àdúrà wọn gbà ni a ń kó fún ẹnì kan tí ibi bá.

Nígbà tí ó dé ní Ọjọ́rú, mo kọ́kọ́ bi í léèrè iye tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ pé ọkọ̀ náà tó nígbà tí ó ń ṣe àdéhùn. Ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún ni ó ń kọ iye kékeré, kí owó tí yóò san má baà pọ̀. Nígbà tí à ń sanwó, irin àtijọ́ ni. Nígbà tí a fẹ́ gbowó, ó di ohun iyebíye. Kí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí nínú wa kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Ìjọ Mímọ́ ní kí a gba iyekíye tí alágbára bá jù síwájú wa. Tọ́másì Mímọ́ ti Akuínò, arákùnrin àwọn Fàdá Dominikani tí wọ́n ti wà ní Yábàá nítòsí wa láti ọdún 1951 (inú wọn yóò dùn pé mo rántí tiwọn), kọ́ni pé nígbà tí ohun kan bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣòfò ńlá nítorí rẹ̀, ó tọ́ kí a ka òfò náà mọ́ owó. Nítorí náà kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a dúnàá-dúrà. Ìjàpá ìkẹyìn ní gbogbo ayé jáde ní ilé-iṣẹ́ Puebla ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003. Èyí tí ó bá ṣì dára, àwọn kan wà tí ń wá a kiri. Bí ọ̀gbẹ́ni bá ní ẹ̀rí iye tí irú rẹ̀ ń tà, kí ó kó o lọ síwájú ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀sán gangan. Bí wọ́n bá sì fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀ràn adójútòfò, NAICOM, ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó ní sí bàbá rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbowó lórí rẹ̀ rí, kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn án: òun yóò gba rìsíìtì wá láti Ládípọ̀ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì tuntun sí ọkọ̀ náà ní ọdún tí ó kọjá. Ẹ̀rí èké ni èyí, olè sì ni: òfin kẹjọ àti òfin keje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn bàbá wa ti sọ ti ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó ní igba ni òun gbìn: nígbà tí ó bá wu ọgọ́rùn-ún iṣu òtítọ́ tán, yóò wu ọgọ́rùn-ún iṣu irọ́. Ohun kejì ni ó ṣòro fún un jù láti sọ. Ẹni tí ó ni bọ́ọ̀sì ti rán àwọn àgbà wá bẹ̀ ẹ́. Ó ti gba owó lọ́wọ́ wọn, kò sì sọ fún ilé-iṣẹ́. Òfò kan ṣoṣo ni ó ṣẹlẹ̀. A kò gbọdọ̀ gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ó lọ sọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti gún mi lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ bàbá ni. A kò pín in rí. Ọmọ mẹ́ta ni bàbá fi sílẹ̀: àkọ́bí yìí, obìnrin kan ní Ìbàdàn, àti àbíkẹ́yìn tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkọ́bí nìkan ni ó ń san owó adójútòfò, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó sì wà nínú ìwé. Àwọn méjèèjì yòókù ní kí ó fi ọwọ́ sí i kíákíá, kí a pín owó. Ó dá wọn lóhùn pé wọn kò mọ rírì bàbá. Láti ìgbà ìsìnkú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì jókòó pọ̀ nínú yàrá kan.

Lúùkù Mímọ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ké sí Olúwa wa láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí Ó bá òun sọ fún arákùnrin òun kí ó pín ogún pẹ̀lú òun. Olúwa kọ̀ láti ṣe onídàájọ́ fún wọn; ojúkòkòrò tí ó wà lọ́kàn ni Ó kọjú sí. Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń rò pé ẹni tí ó béèrè nìkan ni Ó ń bá wí. Nísinsìnyí mo ń rò pé ó ṣeé ṣe kí arákùnrin tí ó di ogún mú ṣinṣin náà wà láàrin èrò, kí ó sì máa gbọ́. A lè ṣe ojúkòkòrò owó. A sì lè ṣe ojúkòkòrò òkú, kí a gbà á mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, kí a wí pé èmi nìkan ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà léèrè bóyá bàbá ni ó ń ṣọ́ tàbí ipò àrólé. Ó dákẹ́ pẹ́ títí, tí mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn tí ń pe èrò Onitsha lójú títì.

Ìmọ̀ràn tí mo fún un kò ju èyí lọ: kí ó má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé náà, kí ó má sì ṣe kọ̀ ọ́, títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi jókòó níwájú ìyá wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ pa òkú ọkọ̀ mọ́, wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kí a yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún un ṣe, tí wọ́n sì fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, dandan ni kí wọ́n sọ fún ẹni tí yóò rà á pé ọkọ̀ náà ti kú rí.

Wọ́n jókòó. Ti Lọ́ńdọ̀nù wà lórí fóònù. Gbogbo wọn ti rò pé ìyá ni kò ní gbà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bi í léèrè láti ìgbà tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá arúgbó náà gbọ́ tiwọn tán, ó ní: "Ọkọ ni mo pàdánù, kì í ṣe ọkọ̀." Ó ní kí wọ́n gba owó náà, kí àkọ́bí kọ́kọ́ mú ohun tí ó ti ná lórí adójútòfò kúrò, kí wọ́n sì pín èyí tí ó kù. Ilé-iṣẹ́ fi díẹ̀ kún un nígbà tí wọ́n rí àwọn ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n sì yọ owó oníbọ́ọ̀sì kúrò. Kò tó ra ọkọ̀. Mẹ́dàlì Krístófà Mímọ́ tí bàbá so mọ́ iwájú ọkọ̀ láti ọdún 1976 ni wọ́n tú kí a tó wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Obìnrin ará Ìbàdàn ni wọ́n fún.

Wọ́n ti fi orúkọ bàbá wọn sílẹ̀ fún Mísà òwúrọ̀ Sátidé tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn òkú wa sí fún oṣù kọkànlá wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà sákrístì.