Ìwúre fún Àjèjì Tó Ń Gun Alùpùpù

Elédùmarè, Ọba tó mọ ibi tí ọ̀nà já sí kí ẹnikẹ́ni tó là á, mo júbà. Ìbà Ògún tó ni irin, tó ni ẹ́ńjìnnì, tó ni ṣéènì àti búréèkì. Ìbà ẹ̀yin tí ẹ tẹ Àkúrẹ́ dó. Ìbà Pupupu, obìnrin tó jẹ Ọ̀ṣemàwé ní Oǹdó kí ọkùnrin tó jẹ ẹ́. Àlejò ni gbogbo yín lórí ilẹ̀ yìí kí ẹ tó di onílẹ̀. Ẹ dìde, ẹ wá gbè wá láàárọ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ àlejò la bá wá.

Kí ọjà tó kún ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tú dé ẹnu géètì yunifásítì FUTA, ọlọ́kadà ti nu ìjókòó èrò, ó ti wo epo, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ sítáátà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Yàbá ní Oǹdó. Ẹsẹ̀ tó fi tẹ sítáátà láàárọ̀ ni yóò fi wọlé lálẹ́. Èrò tó kọ́kọ́ gbé kò ní jẹ́ èrò ìjà. Táyà rẹ̀ kò ní bẹ́ lójú ọ̀nà Bólórundúró, ọkọ̀ tó kó gẹdú kò ní pàdé rẹ̀ ní kọ́nà. Èyí là ń tọrọ lójoojúmọ́, gbogbo ọlọ́kadà ló mọ̀ ọ́n sórí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lónìí ni àgbàlagbà kì í sábà fi sínú ìwúre, bí ẹni pé kò tó gbé dé iwájú Ọlọ́run: owó ìtànràn, ìwé ọkọ̀, àti ojú tí ọlọ́pàá fi ń wo ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jọ tiwa.

Àwọn àjèjì ọlọ́kadà pọ̀ láàárín wa. Ọmọ Ẹ̀gùn ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá ṣiṣẹ́ oko kòkó. Nígbà tí oko kò mówó wọlé mọ́, ó ra alùpùpù. Ará Tógò ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Níjẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan náà wà tí a ṣì ń pè ní àjèjì, Ìgbìrà, Àgàtú, Haúsá. Àwọn mìíràn kó tiwọn kúrò ní Èkó nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kejì ọdún 2020, tó sì tún fún òfin náà le ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Mo wúre fún gbogbo yín. Ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ yóò gbà yín. Ibi tí ẹ bá páàkì sí kò ní di ibi ẹkún. Ẹni tó yá yín lówó ra ọkọ̀ kò ní rí ìtìjú yín, ọkọ̀ náà yóò sì di tiyín pátápátá kí ó tó gbó.

Elédùmarè, wá bá wa dúró níbi tí wọ́n ti ń sọ pé, "Páàkì síbẹ̀! Pátíkúlà ẹ dà?" Ibẹ̀ ni itọ́ ti ń gbẹ lẹ́nu. Ọmọ onílẹ̀ á dáhùn ní ohùn Àkúrẹ́ tàbí ohùn Oǹdó, á kí ọ̀gá, á dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, wọ́n á ní kó máa lọ. Àjèjì á dáhùn, ohùn rẹ̀ á tú u síta, owó á sì gbẹ́nu sókè. Ọba òkè, kí ìtànràn jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀, kí ó má jẹ́ ti ahọ́n. Olórí ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Bí ọmọ Oǹdó àti ọmọ Kútọnu bá jọ gun alùpùpù láìdé àṣíborí, kí iye tí wọn yóò san dọ́gba, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìlú tí a bí èkejì sí ṣe àfikún owó.

Iye náà kì í ṣe ohun àṣírí. Ní ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí gbogbo wa ń pè ní Ròódù Séfútì, 2,000 náírà ni ti ẹni tó gun alùpùpù láìdé àṣíborí. Ti ẹ̀ṣẹ̀ láísẹ́ǹsì jẹ́ 10,000 náírà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀gúnjẹ di ẹ̀ṣọ́ lójú, 10,000 náírà ni tiẹ̀ náà, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń sá fún ìtànràn kékeré lè kó sí ńlá. Wọ́n á kọ ìwé fún ọ, ìwọ á lọ san án sínú àpò ìjọba ní báǹkì. O ò ní kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lábẹ́ igi. Bí o bá sì ní o kò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ń bẹ. Nítorí náà, ìtànràn tó bá tọ́ sí wa, Elédùmarè, fún wa lówó àti sùúrù láti san án. Èyí tí kò tọ́ sí wa, fún wa lẹ́nu láti sọ ọ́ láìbú ènìyàn. Ìtànràn kò ní ran owó oúnjẹ wa. Láísẹ́ǹsì wa kò ní kú kí á tó gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ìwé tí a kó sínú náílọ́ọ̀nù lábẹ́ ìjókòó, omi òjò kò ní wọ̀ ọ́. Àṣẹ.

Ìbà tún ni fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí ní 1988: Wọlé Ṣóyínká tó jẹ́ alága àkọ́kọ́, àti Olú Agúnlóyè, ọmọ Èrúṣú Àkókó ní ìpínlẹ̀ wa níbí, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀mí tó ń ṣòfò lójú títì ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Jẹ́ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ, Olúwa, kí ẹ̀mí máa ṣáájú owó. Àwa tí a gun ọkọ̀ náà kò mọ́ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́kadà Nàìjíríà dé àṣíborí ní tipátipá, igbá ni àwọn kan gbé dérí, àwọn kan dé agolo ọ̀dà. Èrò náà ń sá fún àṣíborí gidi, wọ́n ní ẹlòmíràn lè ti fi oògùn sí i láti fi orí ọmọlọ́mọ ṣowó. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, nítorí igbá àti ọ̀dà títì kì í jọ jà kí igbá borí. Orí mi, orí ẹ̀yin ará ọ̀nà, a kò ní gbé igbá bò ọ́ nítorí ọlọ́pàá. Àṣíborí la ó dé fún ọ, a ó so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀ṣọ́ ìbáà wà lójú ọ̀nà, ìbáà má sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bí ẹni tí kò ṣe àjèjì rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò tó ti kọ́lé, tó ti bímọ sí Kùmásí àti Àkírà, tí ọmọ rẹ̀ ń sọ èdè ibẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ọjọ́ ń lọ, ẹrù kò ṣeé kó tán, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ mọ iye tí yóò fi lọ̀ ọ́. Nígbà tó di 1983, Nàìjíríà náà ṣe é sí ará Gánà. Elédùmarè, dárí ji ará ọ̀hún, dárí ji àwa náà. Ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí lórí ọ̀rọ̀ ìwé, ojú ọmọ ẹlòmíràn kò ní rí i lọ́wọ́ wa. Bí a bá sì tún lọ, wọn kò ní fi rán wa létí.

Àdéhùn wà lórí lílọ-bíbọ̀ àjèjì báyìí o. Ní 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ ECOWAS ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí i pé ará ibí lè lọ sí ọ̀hún, ará ọ̀hún lè wá síbí, kí ó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní 1982, ní Kútọnu, wọ́n tún fọwọ́ sí ti káàdì ìṣúráǹsì tí wọ́n ń pè ní Brown Card, kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣèṣì fa jàǹbá nílẹ̀ onílẹ̀ lè rí alátìlẹ́yìn. Níjẹ̀ ti yọ ẹsẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ní 2025, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn dẹ́kun èrò gbígbé, mo sì wúre fún òun náà. Àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ yóò dé etí ẹni tó dúró ní ibodè. Ọmọ Oǹdó tó bá gun alùpùpù kọjá Sèmè, tí ọlọ́pàá ibẹ̀ dá dúró, tó ń fi Faransé ka iye sẹ́fà tí yóò san sí i létí, kí ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ kan wà nítòsí tí yóò bá a túmọ̀ rẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n. Kí ó rántí gba rìsíìtì.

Mo yíjú sí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kọjá òkun, tí ẹ gbé àpò oúnjẹ kọ́ ẹ̀yìn alùpùpù ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, nínú òtútù. Apá òsì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Àwa náà gbà á níbí títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì tí ẹ ń gbà kò ní di òṣì fún yín. Láísẹ́ǹsì tí ẹ gbà nílé láti fi gun alùpùpù kò lè gbé yín kọjá oṣù 12 níbẹ̀, wọn kì í sì í pààrọ̀ ti Nàìjíríà fún tiwọn. Ẹni tó ti ń gbé èrò mẹ́ta láti Ọjà Ọba dé Ọ̀bà-Ilé yóò tún di ọmọ iṣẹ́, yóò ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alùpùpù tó jẹ́ dandan, tí wọ́n ń pè ní CBT, yóò lẹ lẹ́tà L pupa síwájú àti sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹnì kankan. Kí ìyẹn má bí yín nínú. Ẹ̀rọ̀ ni yóò jẹ́ fún yín.

Ìṣúráǹsì ni kí ẹ bá mi ṣọ́ra fún jù. Èyí tí a fi ń gun ọkọ̀ lọ kí ọ̀rẹ́ kọ́ ni a fi ń gbé oúnjẹ gbowó. Bí wọ́n bá mú yín láìní èyí tó yẹ, 300 pọ́n-ùn ni, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6 lórí láísẹ́ǹsì, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ǹsì wọn, àmì 6 yẹn nìkan tó láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìtànràn wọn máa ń fúnni ní 28 ọjọ́ láti san án tàbí láti ní kí ilé ẹjọ́ dá a. Ẹni tó kàn wá kí ènìyàn, tí kò ní àdírẹ́sì tó dúró níbẹ̀, wọ́n lè ní kí ó fi owó dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fún un ní rìsíìtì, wọ́n á sì dá a padà bí adájọ́ bá ní kò jẹ̀bi. Ẹ má wí fún ọlọ́pàá wọn pé kí ó fi èyí mu omi o! Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó bá dé nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi pamọ́. Àmì kò ní kún lórí ìwé yín. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, ilé tí ẹ ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Òkè-Àró àti Òkè-Àgùnlà yóò parí.

Kí á má gbàgbé ẹni tó dúró sínú oòrùn, tó ń dá ọkọ̀ dúró. Owó oṣù rẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó wọlé. Wọn kò ní lé ọmọ rẹ̀ kúrò níléèwé. Ọ̀gá rẹ̀ kò ní bu iye fún un pé èyí ni kó mú bọ̀ lálẹ́. Alùpùpù tí kò ní búréèkì kò ní kọlù ú. Ìwé tó fi ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ kò ní tán lọ́wọ́ rẹ̀ débi tí yóò fi máa fi ẹnu kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu pé aṣọ ìjọba lòun yóò fi jalè lọ́wọ́ àjèjì, Elédùmarè, bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀. Ìwúre ni mo ń ṣe, n kò ṣépè. Kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ni mo wí.

Ògún, bí ọdún rẹ bá tún yípo ní Oǹdó, tí a so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀, kí ọmọ Tógò so tirẹ̀ láàárín wa, kí gbogbo wa pé, kí a má rí ìjókòó ọkọ̀ kan tó ṣófo.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ̀yin baba ìsàlẹ̀, àti ẹ̀yin onílé tí àwọn wọ̀nyí ń san owó ilé fún, ẹ jọ̀ọ́. Bí àlejò yín bá mú ìwé ìtànràn wálé, ẹ bá a kà á lọ́jọ́ náà, ẹ fi báǹkì tí yóò ti san án hàn án, ẹ bá a tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bí iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ní ìwé, ẹ tẹ̀ lé e padà lọ béèrè.