Àgbò Tí Ó Fẹ̀yìn Rìn

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń ka ìwé yìí, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Bí ènìyàn bá yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ náà kò yé e, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó tẹ̀ síwájú? Má tètè dáhùn.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, a kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò mú ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣáà ti wù ú. A ti là á sílẹ̀ pé kí ó tó kọ́ èyí, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ tọ̀hún. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kùn sí òfin yìí. Wọn a ní ṣe ni àwọn àgbà fẹ́ dá àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Nínú ẹ̀ka ìṣirò tí a ń pè ní kálíkúlọ́ọ̀sì, a ń wá bí nǹkan ti ń yára yí padà sí. Bí ó bá jẹ́ x² ni, a ó yọ x² kúrò nínú (x + h)², a ó sì fi h pín ìyókù. Ohun tí a ó rí ni 2x + h. Bí h ti ń kéré lọ títí, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ń súnmọ́ 2x. Kíyè sí i pé kíláàsì rẹ ni a ti ń kọ́ bí a ti ń tú (x + h)². Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa pariwo pé kálíkúlọ́ọ̀sì le, bẹ́ẹ̀ áljẹ́brà ni ó ń dà á láàmú. Kò sí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ilé rẹ̀ ni kò ní ìpìlẹ̀.

Bóyá ìwọ yóò wí pé ọlọ́pọlọ pípé kò nílò àkàbà, kí o sì dárúkọ Ramanujan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ẹni tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò láti inú ìwé, tí ó sì kọ̀wé sí Hardy ní Cambridge ní 1913. Òótọ́ ni pé ohun ìyanu pọ̀ nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ohun tí ó sọ nípa àwọn nọ́ńbà bí 2, 3, 5 àti 7, tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi pẹ̀lú 1 àti ara wọn, kò tọ̀nà, nítorí ẹ̀ka ìṣirò kan wà tí kò tíì kọ́. Nígbà tí ó dé Cambridge ní 1914, kò tijú láti kọ́ ohun tí kò mọ̀.

Tún gbọ́ ti Thomas Hobbes, amòye ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Aubrey, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ pé ọkùnrin náà ti pé ọmọ 40 ọdún kí ó tó ṣèèṣì rí ìwé Euclid ní ṣíṣí sílẹ̀ níbi òfin 47 ti ìwé kìíní, èyí tí a ń pè ní òfin Pythagoras. Ó kà á, ó ní kò ṣeé ṣe. Ó ka ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀rí náà tọ́ka sí òfin kan tí ó ṣáájú. Ó ka ìyẹn náà. Ó tún tọ́ka sí òmíràn lẹ́yìn. Báyìí ni ó ń padà sẹ́yìn títí iyèméjì rẹ̀ fi tán, ìṣirò sì di ààyò rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ǹjẹ́ kí ni ìdáhùn ìbéèrè wa? Ní ojú òfin ilé-ìwé, ẹni tí ó yege lè tẹ̀ síwájú. Ní ojú òtítọ́, gbèsè ni ó gbé rìn. Bí ó bá di olùkọ́ lọ́la, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san án. Bóyá ní ilé-ìwé tìrẹ, kò sí olùkọ́ ìṣirò fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Síbẹ̀ gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ, nítorí ìṣirò kì í béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi.

Nítorí náà, bí ó bá di dandan kí o ṣí ìwé kíláàsì kejì nígbà tí o wà ní ìkẹrin, ṣí i ní gbangba. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá.