Má Tètè Dìde

Kíkà: Sáàmù 139:23-24

Olùfẹ́, sún mọ́ mi díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Alùpùpù mi ló ń gbóná jù, mo sì tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọkùnrin náà kò tú nǹkan kan. Ó mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ẹńjìnnì wò, ó tì í bọ ẹnu wáyà kan lábẹ́ ìjókòó. Nǹkan kan wà nínú omi tó ń tu ẹńjìnnì lára, tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Òun ni nọ́ńbà rẹ̀ yọ lójú fóònù ọmọkùnrin náà. Ó ní kí n tan ẹńjìnnì.

Dígírì 60, 75, 90. Ó ní, “Ibí yìí ló yẹ kó mọ, Ẹ̀gbọ́n.” Ṣùgbọ́n bí a ti dúró lójú kan, ó kọjá 100, ó di 106, fáànù kò sì yí. “Tẹ́ ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ẹ ò ní mọ̀. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú.”

Olùfẹ́, èmi náà kì í gbóná nígbà tí nǹkan bá ń lọ. Ibi tí mo bá ti dúró ni: orí ìlà ní ọsibítù, ẹ̀gbẹ́ fóònù tí ọmọ kò pè, ìdí àdúrà tó ti pẹ́ tí mo ti ń gbà. Lóde, mo ń rẹ́rìn-ín. Nílé, ọ̀rọ̀ kò tó ọ̀rọ̀, mo ti jágbe.

Dáfídì mọ̀ pé ojú òun kò tó inú òun, ló fi bẹ Ọlọ́run kí Ó bá òun wò ó. Ẹ̀rọ yẹn kò bú ẹńjìnnì mi; ibi tó dé gan-an ló sọ. Bí Bàbá wa ṣe ń wo inú wa nìyẹn.

Nígbà tí nọ́ńbà yẹn dé 106, mo sáré bu omi tútù. Ọmọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú. “Ẹ má dà á sí i, ó lè sán. Ẹ jẹ́ ká pa á, ká jókòó.” Ó pa á, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ká lè máa rí nọ́ńbà. 107. 109. Mo fò dìde. Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Ooru inú irin ló ń jáde. Ó máa wálẹ̀.”

Ó pẹ́ díẹ̀. 108. 104. 97. Nígbà tó tutù tán ló tó fọwọ́ kan fáànù.

Olùfẹ́, bóyá ìwọ náà ti kúnlẹ̀ rí kí ara lè rọ̀ ọ́, tí ìbínú àná wá ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹkún tí o ti gbé mì tún dé ọ̀fun. O rò pé àdúrà kò wọlé, o dìde. Mo ti dìde bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Lónìí, jẹ́ ká jókòó díẹ̀ sí i. Ohun tó ń ru yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ló jẹ́ kó ráyè jáde.

Àdúrà: Bàbá, wo inú mi, kí O sì sọ ibi tí mo dé fún mi. Bí ó bá kọ́kọ́ gbóná sí i, di ọwọ́ mi mú. Àmín.