Lẹ́yìn Ẹ̀rín Ńkọ́?

Ní Awoyaya, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ti dá wa dúró lójú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, fóònù la máa ń gbé jáde. A ó wo fídíò ẹni tó ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́, a ó rẹ́rìn-ín, a ó fi ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́. Ó parí.

Lọ́dún 2017, tẹlifíṣọ̀n Channels bẹ̀rẹ̀ ètò The Other News. Okey Bakassi aláwàdà jókòó bí oníròyìn, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìjọba dẹ́rìn-ín pa wá. Àwọn kan ní irú ètò bẹ́ẹ̀ kàn ń paná ìbínú wa ni. Ṣé lóòótọ́?

Lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré Hubert Ògúndé nítorí Yorùbá Ronú. Bí eré bá jẹ́ eré lásán, kí ló bà wọ́n lẹ́rù?

Ṣùgbọ́n ẹ wo Kétu. Lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a máa bú oníwà ìbàjẹ́ lójú ọjà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìlú ló jọ gbọ́. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á jọ máa wo ẹni tí wọ́n bú lójú. Àwa ńkọ́? Inú ọkọ̀ ni kálukú wa ti ń dá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. A gbà. Àmọ́ aláwàdà ti ṣe tiẹ̀. Bí fídíò bá tán, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bi kánsẹ́lọ̀ wa ní ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.