Ìyìn Tí Kì Í Ṣe Tiwa



Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọmọdé ìjọ wa wá bá mi pé àwọn fẹ́ ṣe eré olórin ní ọjọ́ ìkórè. Mo gbà fún wọn tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀ràn àtijọ́ kan jí nínú mi. Òun ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí, nítorí mo gbàgbọ́ pé ó kan púpọ̀ nínú wa.

Ní ọdún 1981, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 11, ilé ẹ̀kọ́ wa fi orin ṣe eré ìtàn Jósẹ́fù ọmọ Jákọ́bù. Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1944 ni Hubert Ògúńdé ti fi orin ṣe eré ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ kan ní Èkó, kí ó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Èmi ni a yàn ṣe Jósẹ́fù, nítorí pé mo ga, ẹnu mi sì yá. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ohùn tí ó dùn ju tèmi lọ jìnnà, ṣùgbọ́n akólòlò ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ a há a lọ́fun. Bí ó bá ń kọrin, ọ̀rọ̀ a máa ṣàn bí omi odò. Ọ̀pọ̀ akólòlò ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé Jósẹ́fù ní ọ̀rọ̀ láti sọ, tíṣà wa fi ọ̀rẹ́ mi ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìtí ọkà tí ó forí balẹ̀ fún Jósẹ́fù lójú àlá.

Nígbà tí eré ku ọjọ́ méjì, mo pariwo nídìí bọ́ọ̀lù títí ohùn mi fi há. Tíṣà wa dá ọgbọ́n kan. Nígbà tí a dé ibi orin tí Jósẹ́fù kọ nínú kànga, ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń kọrin. Èmi dúró níwájú, mo ń la ẹnu. Àwọn àgbà sunkún. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, ìyá mi sì jó wá sí orí ìtàgé. Nígbà tí a délé, ó ka náírà 14, ó sì fi ra bàtà fún mi. N kò fún ọ̀rẹ́ mi ní kọ́bọ̀ kan. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí a bá dé, ìyá mi a ní: “Ọmọ mi yìí ni ó kọrin tí gbogbo ìlú sunkún.” Èmi a sì tẹ orí mi ba bí ọmọ onírẹ̀lẹ̀.

Níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú èyí? Kò sí nínú eré fúnra rẹ̀. Tọ́másì Mímọ́ ará Akúínò kọ́ wa pé iṣẹ́ eléré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí a bá ṣe é ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí pé ọkàn ń fẹ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí ara ti ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wọ ẹ̀wù aláràbarà tí mo ní èmi ni Jósẹ́fù, n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyá mi mọ ẹni tí ó bí. Irọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré parí, tí ìyìn ń wá olówó rẹ̀ lọ, tí mo sì dá a dúró lọ́nà.

Fún ọdún púpọ̀ mo ń tu ara mi nínú pé n kò purọ́, nítorí n kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ padà sínú ìtàn Jósẹ́fù kí ẹ wò ó. Àwọn arákùnrin rẹ̀ ri ẹ̀wù rẹ̀ bọ inú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, wọ́n sì gbé e wá fún bàbá wọn. Wọn kò sọ fún un pé ẹranko pa á jẹ. Jákọ́bù ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn dákẹ́, wọ́n sì dìde láti tù ú nínú. Ará mi, ẹnu lè pa dé kí irọ́ sì máa rìn. Ẹ̀wù Jósẹ́fù ni mo wọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn arákùnrin rẹ̀ ni mo ṣe.

Ní ọdún 1992, nígbà tí mo wà ní sẹ́mínárì, mo jẹ́wọ́ ọ̀ràn náà. Àlùfáà àgbà tí ó gbọ́ mi tú mi sílẹ̀, ó sì bi mí pé: “Ọlọ́run ti gbọ́. Ìyá rẹ ńkọ́?” Nítorí Ìjọ kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí òtítọ́ ní gbèsè àtúnṣe lọ́rùn, àní lẹ́yìn ìdáríjì. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo sọ fún ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò bá mi wí. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní: “Ọmọ ta ni?” Mo sọ fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di owó tí ó ju náírà 14 lọ mọ́ etí ìró rẹ̀, a sì lọ bá ìyá ọ̀rẹ́ mi nídìí iṣu tí ó ń tà.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Obìnrin náà gbé e dìde, ó ní: “Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Abiyamọ wo ni kò mọ ohùn ọmọ rẹ̀? Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Bí mo ti ń sunkún, wọ́n rò pé orin ni.” Ó ní nígbà tí àwọn ń lọ sílé, òun bi ọmọ òun léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dáhùn pé ta ni yóò dúró kí òun sọ ọ́ tán? Obìnrin náà gba owó náà, ó ní òun yóò fi í ránṣẹ́ sí i ní Àbíjàn, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò tíì kúrò létí mi. Kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ni a sábà máa ń gba ìyìn rẹ̀. Ẹni tí kò lè tètè sọ̀rọ̀ ni: ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá fi iṣẹ́ rẹ̀ gba orúkọ, ìyàwó tí ó fi owó àkàrà rán ọmọ ní ilé ìwé, tí a wá ń kí ọkọ rẹ̀ kú iṣẹ́, àwọn obìnrin tí ń gbá ilé Ọlọ́run yìí kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi pàápàá kò yọ sílẹ̀, nítorí ẹ ń yìn mí fún iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ṣe.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè pé: ìyìn ta ni ó wà lọ́wọ́ mi? Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún Ọlọ́run nìkan. Ẹ sọ ọ́ lójú àwọn tí ó yìn yín, kí ẹ sì dá ohun olóhun padà fún un. Bí ẹni tí ó ni ín bá ń kólòlò, ẹ dúró kí ó sọ tirẹ̀ tán.

Mo ti sọ fún àwọn olùkọ́ ọmọdé wa pé, bí eré ìkórè bá parí, kí wọ́n pe orúkọ gbogbo ọmọ síta, títí kan èyí tí ó fa aṣọ ìkélé.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ń rí wa níwájú àti lẹ́yìn aṣọ ìkélé, fún wa ní ọkàn òtítọ́. Àmín.

Èmi ni Àlùfáà yín.