Àjò Kì Í Dùn Kónílé Má Relé

Ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, bí ẹni ń bá a wí. Ìbáwí ọ̀hún kò sí nínú òwe. Àgbà tó pa á kọ́kọ́ gbà pé àjò dùn. Kò ní ká má lọ, kò ní ìyà ń bẹ lọ́nà. Ohun tó ń sọ ni pé bó ti wù kí adùn náà pọ̀ tó, kò tó ohun tí onílé ń torí rẹ̀ gbàgbé ilé. Onílé ló bá wí. Ẹni tí kò sí ilé kankan tó ń retí rẹ̀ lè máa jayé àjò lọ, òwe yìí ò bá a ṣẹjọ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn mí. Fáda ni mí nínú Ìjọ Àgùdà. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bíṣọ́ọ̀bù wa fún mi ní ìsinmi gígùn, mo sì fi apá kan rẹ̀ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ wà ní sẹ́mínárì Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ṣé fáda nílé? Ilé fáda tí mò ń gbé, ti ìjọ ni. Fáda tó ṣáájú mi ló fi bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn lé sílẹ̀, èmi náà ò sì ní gbé e lọ. Ilé bàbá wa wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Tó bá jẹ́ ti òrùlé àti kọ́kọ́rọ́ ni, mo lè ní òwe yìí ò kàn mí.

Òfin ìjọ ò gba àwáwí yẹn. Òfin 533 nínú ìwé òfin 1983 ní kí fáda tó ń ṣàkóso ìjọ máa gbé ilé fáda nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi tí ìdí pàtàkì bá wà, ìsinmi rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ lọ́dún, ì báà lò ó lẹ́ẹ̀kan, ì báà gé e sí wẹ́wẹ́. Tó bá máa kúrò nílé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àfi kó jẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́. (Wọn kì í ka ọjọ́ tó fi lọ gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́ ọn, ẹni tó ṣòfin yìí mọ àwa fáda.) Onílé gan-an lè pẹ́ lájò: ilé rẹ̀ ni, bó bá wó, òun ló wó mọ́ lọ́wọ́. Aṣọ́lé ni kò gbọdọ̀ pẹ́. Torí pé ilé kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ fún un. Lójú tèmi, òwe yìí wúwo lórí aṣọ́lé ju onílé lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí mo lọ kí yìí ń ṣe fáda ní gúúsù London, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí mo fi pa òwe náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe," ló fi dá mi lóhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ń ro àmàlà, èlùbọ́ tí a rà ní Rye Lane ní Peckham, ni fóònù bá dún láti ilé ìwòsàn. Ìyá arúgbó kan, ará Jàmáíkà, ń kú lọ. Ó fi omorogùn lé mi lọ́wọ́, ó mú ìgò kékeré tí òróró àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀, ó di ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti ké sí mi: "Bomi sí i o, ó ti ń ní kókó!" Nígbà tó fi máa dé, òru ti jìn, àmàlà ti gan. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ráhùn. Mi ò pa òwe yẹn fún un mọ́. Ọkùnrin yìí kò sí lájò.

Ẹjọ́ ibi tí ilé wà yìí ti pẹ́ nínú ìjọ wa. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ sí Èkó ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Èkó. Ogun ti lé àwọn ará ilé wọn kúrò níbi tí wọ́n fi wọ́n sí. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Bàbá kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tí kì í ṣe fáda, àmọ́ tó ń kó wọn jọ gbàdúrà, tó sì ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero dé Èkó ní 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Àwọn fáda tó máa jókòó tì wọ́n kò dé títí di 1868. Àwọn Àgùdà yìí relé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti jí wọn gbé. Ibi tí Pa Antonio ti rí èèyàn tó nílò rẹ̀ ló yà sí.

Ní tèmi, ìwé bíṣọ́ọ̀bù ní kí n ti dé kí Ádífẹ́ńtì tó wọlé. Katikíìsì wa ti ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Fáda, ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìkórè wa o, àwọn ìyá ìjọ ti ra aṣọ." Mi ò tíì fèsì. Bíṣọ́ọ̀bù lè rán mi lọ síbòmíràn lọ́jọ́ tí mo bá balẹ̀, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìjọ tí wọ́n bá sì rán mi sí náà ti lè máa bi ara wọn léèrè ìgbà tí fáda àwọn máa dé.